Saul Steinberg: ọmọ Ròmáníà tó sọ páspọ́ọ̀tù àti òǹtẹ̀ di àwòrán

Bí ẹ bá wá orúkọ Saul Steinberg lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò rú yín lójú. Ibì kan á pè é ní ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ọmọ Ròmáníà. Ibòmíràn á ní ará Amẹ́ríkà ni. Àwọn ará Ítálì náà á ní ọ̀dọ̀ àwọn ló ti kọ́ṣẹ́. Ẹ ó tún rí ẹni tó máa yarí pé kò yẹ kí wọ́n pè é ní ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ rárá, pé oníṣẹ́ ọnà ńlá tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àwọn mùsíọ́ọ̀mù ni.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí èmi bá sì wo ilé ọkùnrin yìí, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pépà. Kì í ṣe bébà tí wọ́n ń yàwòrán sí nìkan ni mò ń wí o. Pépà tí àwọn èèyàn wa tó wà ní London àti Houston máa ń dárúkọ ni, tí wọ́n bá ní "Lágbájá ti rí pépà gbà" tàbí "Kò tíì ní pépà, ìyẹn ni kò jẹ́ kó wálé sin bàbá rẹ̀." Ẹni tó bá ti fi fáìlì há abíyá tò sí ẹnu ọ̀nà ẹ́ḿbásì rí, tó ń wo ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó di òǹtẹ̀ mú, kò ní pẹ́ kó tó mọ ohun tí Steinberg ń yà.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1914 ni wọ́n bí i ní Râmnicu Sărat, ìlú kékeré kan ní Ròmáníà. Kò pẹ́ tí ìdílé rẹ̀ fi kó lọ sí Bucharest tó jẹ́ olú-ìlú, òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní Strada Palas níbẹ̀ ló sì ti dàgbà. Bàbá rẹ̀, Moritz, ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé àti ìdìwé rí kó tó dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àpótí páálí sílẹ̀. Nítorí náà, lẹ́tà gàdàgbà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, páálí àti bébà aláwọ̀ mèremère ni ọmọ náà bá nílé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àwọn nǹkan wọ̀nyí kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi darúgbó.

Júù ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n bí i, òfin Ròmáníà kò ka ọ̀pọ̀ jù lọ Júù tó ń gbé ibẹ̀ sí ọmọ onílùú. Ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó orí, àwọn ọkùnrin wọn sì ń wọṣẹ́ ológun, síbẹ̀ àlejò ni wọ́n lójú ìwé. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1923 ló tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú, Saul kò tíì pé ọmọ ọdún 9 nígbà náà. Ọdún 15 lẹ́yìn ìyẹn, ní 1938, ìjọba míì dé, ó ní kí gbogbo Júù tún wá fi ẹ̀rí hàn pé ọmọ onílùú ni àwọn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ènìyàn ó lé ni ìwé wọn di òfo. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n bí ọmọ, ìwé ló ń sọ ọ́ di onílé lónìí, tó tún ń sọ ọ́ di àlejò lọ́la.

Steinberg kò sí nílé mọ́ nígbà tí ìyẹn ṣẹlẹ̀. Ó ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti lítíréṣọ̀ fún ọdún kan ní Yunifásítì Bucharest, lẹ́yìn náà, ní 1933, ó kọjá sí Milan ní Ítálì láti lọ kọ́ nípa yíya àwòrán ilé. Kò kọ́lé kankan láyé rẹ̀, àmọ́ ẹ̀kọ́ yẹn ló fún un ní ọwọ́ tó fi ń fa ìlà: ìlà tó dá ṣáká, tí kò gbọ̀n, tí kò ní òjìji. Ní 1936 ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán fún Bertoldo, ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní Milan, owó ibẹ̀ ló sì fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Bí òkìkí rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni nígbà náà.

Ní 1938 bákan náà, Mussolini, olórí ìjọba Ítálì, gbé òfin ẹ̀yà jáde. Wọ́n ní kí Júù tó jẹ́ àlejò kó ẹrù wọn kúrò nílùú láàárín oṣù 6. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wọ yunifásítì ni wọ́n gbà láyè kí wọ́n parí. Ìwé ìròyìn kò sì lè fi orúkọ Steinberg sábẹ́ àwòrán mọ́. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1940, wọ́n fún un ní dípúlómà ní orúkọ ọba, wọ́n sì kọ ọ́ sójú ìwé náà pé ẹ̀yà Júù ni ẹni tó gbà á. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìwé tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn fún un náà ló kọ ìdí tí wọ́n fi máa tì í mọ́ ọn lójú síbẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń wá ọ̀nà láti jáde. Ó dé Lisbon ní Portugal ní 1940, wọ́n dá a padà. Ní 1941 àwọn ọlọ́pàá mú un, wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ kan ní Tortoreto, létí òkun ní ìlà-oòrùn Ítálì, níbi tí wọ́n ń kó àwọn àlejò tí ìjọba kò fẹ́ sí. Oṣù Kẹfà ọdún yẹn ló rí ọ̀nà gbà dé Lisbon padà, ó wọkọ̀ ojú omi, ó dé New York. Àmọ́ kò wọ̀lú. Erékùṣù Ellis Island, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn àlejò wò, ni wọ́n dá a dúró sí. Òfin Amẹ́ríkà ti fi gègé sí iye ènìyàn tó lè wọlé láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́dún kan. Ti Ròmáníà kéré gan-an, ó sì ti kún. Ilé gogoro New York ń bẹ níwájú rẹ̀ tó ń wò ó, wọ́n sì tún dá a sínú ọkọ̀, ó di Dominican Republic, orílẹ̀-èdè kan lórí erékùṣù tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Odindi ọdún kan ló fi dúró de físà níbẹ̀.

Ìtàn kan wà tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ nípa ìrìn àjò yẹn: páspọ́ọ̀tù rẹ̀ ti kú, ó wá fi òǹtẹ̀ tó ṣe fúnra rẹ̀ lù ú kó lè rí ọ̀nà kọjá. Ọmọ onítẹ̀wé ni, ó mọ bí òǹtẹ̀ ṣe máa ń rí.

Ibi tó ti ń dúró de físà yẹn ni àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde nínú The New Yorker, ìwé ìròyìn tó padà di ilé rẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1941 ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, torí ó fi bí ọkùnrin yìí ṣe ń ronú hàn. Nínú ìtàn àtayébáyé àwọn Gíríìkì, ẹ̀dá kan wà tó jẹ́ ènìyàn láti orí dé ìbàdí, tó sì jẹ́ ẹṣin láti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn. Nínú àwòrán Steinberg, akẹ́kọ̀ọ́ kan ya ẹ̀dá yìí, olùkọ́ rẹ̀ sì dúró tó ń wò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé e sódì: ibi tó yẹ kí ènìyàn wà, ẹṣin ló wà níbẹ̀, ibi tó yẹ kí ẹṣin wà, ènìyàn ni. Ó wá ń jà fún ara rẹ̀ pé, ṣebí ìdajì ènìyàn, ìdajì ẹṣin náà ni.

Kò purọ́. Bí ẹ bá ka ohun tó sọ, gbogbo rẹ̀ pé. Bí ẹ bá wo ohun tó yà, kò sí ibi tó ti jọ ọ́. Ẹni tó ya àwòrán yìí ń gbé erékùṣù kan lọ́wọ́ lọ́wọ́ torí pé ìwé rẹ̀ sọ ohun kan nípa rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́, tí kò sì jọ òun rárá.

The New Yorker ló dúró fún un tó fi rí físà gbà, ó sì wọ Amẹ́ríkà ní 1942. Nígbà tó di 1943, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ ọ́ di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀gá kékeré nínú ọmọ ogun ojú omi. Wọ́n rán an lọ sí Ṣáínà, ó kọjá sí Íńdíà, Àríwá Áfíríkà àti Ítálì, lábẹ́ àjọ amí Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń yàwòrán láti fi kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá ọ̀tá. Lẹ́yìn ogun, The New Yorker tún rán an lọ sí Nuremberg, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ àwọn olórí Nazi. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, All in Line, jáde ní 1945.

Àwọn tó ń béèrè bóyá ará Ròmáníà ni tàbí ará Amẹ́ríkà, ìdáhùn wà nínú iṣẹ́ tó ṣe láti ìparí àwọn ọdún 1940 lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà páspọ́ọ̀tù, dípúlómà, ìwé ẹ̀rí àti ìwé àṣẹ ìjọba. Ó fi tàdáwà kọ ọ́ bí akọ̀wé ìjọba ṣe ń kọ̀wé: lẹ́tà ńlá tó lọ́ bí ejò níbẹ̀rẹ̀, ìlà tó gún régé tẹ̀ lé e, ìbuwọ́lù tó gba ìdajì ojú ìwé nísàlẹ̀, òǹtẹ̀ pupa rọ́bótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e jìnnà sójú díẹ̀, ẹ ó dìde kí i. Ẹ wá sún mọ́ ọn kí ẹ kà á, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Kì í ṣe èdè Ròmáníà, kì í ṣe Ítálì, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà lásán ló ń yí kiri bí ẹni ń kọ̀wé. Ó ya irú dípúlómà bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi dá wọn lọ́lá. Ìwé tó kó díẹ̀ lára iṣẹ́ yìí jọ jáde ní 1954, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní The Passport.

Èyí tó máa ń mú mi dúró jù ni páspọ́ọ̀tù tó fi ìtẹ̀ka ṣe. Ibi tí fọ́tò ojú ènìyàn yẹ kó wà, ìka tí wọ́n rì bọ tàdáwà ló tẹ̀ síbẹ̀, ó wá fi gègé ya ọrùn àti èjìká sábẹ́ rẹ̀. Ìtẹ̀ka náà di orí, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ di ojú tí kò ní ojú, kò ní imú, kò ní ẹnu. Àwa tí a ti fi àtàǹpàkò dìbò, tí a ti fi í gba nọ́ńbà ìdánimọ̀, mọ̀ pé kò sí ohun tó jẹ́ ti ẹni ju ìtẹ̀ka lọ, àwọn méjì kò lè ní irú kan náà. Síbẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀ yẹn, bí ìyá tó bí onítọ̀hún bá wò ó, kò lè mọ̀ pé ọmọ òun ni.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kò sí orúkọ ìlú kan tó lè gba gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ Ion Popescu-Gopo, ọmọ Ròmáníà mìíràn tó lókìkí nínú iṣẹ́ tó fara pẹ́ ẹ. Gopo jókòó sí Bucharest ní tirẹ̀, fíìmù àwòrán tó ń rìn ló ń ṣe, ọ̀kan nínú wọn sì gba àmì ẹ̀yẹ fíìmù kúkúrú tó ga jù ní Cannes ní 1957.

Ó ku ìbéèrè kejì: ṣé ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ni tàbí oníṣẹ́ ọnà? Ìdàrúdàpọ̀ yìí wá láti ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń jáde. Nínú The New Yorker, èèpo iwájú tó yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90, àwòrán inú rẹ̀ sì lé ní 1,200. Ẹni tó bá ń rà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò ní ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ni. Àmọ́ ní 1946, Museum of Modern Art ní New York kó àwọn oníṣẹ́ ọnà 14 jọ fún àfihàn kan, Steinberg sì wà láàárín wọn pẹ̀lú Arshile Gorky àti Isamu Noguchi. Ní 1978, Whitney Museum kó iṣẹ́ ayé rẹ̀ jọ fún àfihàn ńlá. Òun ní tirẹ̀ máa ń sọ pé òǹkọ̀wé tó ń yàwòrán ni òun. Mo gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ kankan nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni ń ka gbólóhùn lẹ ṣe máa wò ó, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan, ẹ ó tọ ìlà náà lọ. Ọ̀kan wà tí ọkùnrin kan di gègé mú, tí ìlà tó ń jáde lẹ́nu gègé náà ń yí kiri títí ó fi di ara ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ta ló ya ta? Ẹ̀fẹ̀ ni lóòótọ́, ẹ̀rín rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Láàárín 1959 sí 1962, ó tún ya ojú sára àpò bébà tí wọ́n fi ń kó ọjà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi bo orí, Inge Morath sì ya fọ́tò wọn. Ẹ wá a wò bí ẹ bá ráyè, ó tọ́ ọ.

Àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1976, lójú èèpo The New Yorker. Èmi náà ti rí ẹ̀dà rẹ̀ lára ògiri púpọ̀ kí n tó mọ ẹni tó yà á. Ó dà bí ẹni pé ẹ dúró sórí ilé gíga kan ní New York, ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Nísàlẹ̀, òpópónà 9th Avenue ló wà: fèrèsé, ọkọ̀, àwọn tó ń rìn lọ, táǹkì omi lórí òrùlé, gbogbo rẹ̀ ló yà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. 10th Avenue tẹ̀ lé e. Òpópónà méjì yìí nìkan ti gba bí ìdajì bébà náà. Odò Hudson kọjá, lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kọ Jersey sí. Gbogbo ìyókù Amẹ́ríkà wá di pátákó kékeré kan, orúkọ bíi Texas àti Chicago wà káàkiri lórí rẹ̀ pẹ̀lú òkúta bíi mélòó kan. Òkun Pàsífíìkì kò fẹ̀ ju odò Hudson lọ ní púpọ̀. Lókè pátápátá, Ṣáínà, Japan àti Rọ́ṣíà rí kúdúrú kúdúrú.

Àwọn kan ní ó ń fi àwọn ará New York ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí ẹni tó yà á. Ó ti gbé Ṣáínà rí, nínú ogun. Òkun tó yà bí ibú gọ́tà, ó mọ bí irú rẹ̀ ṣe gùn tó fún ẹni tí wọ́n ń dá padà. Ìlú tó wá sún mọ́ ọn débi pé ó lè ka fèrèsé rẹ̀ yìí, ìlú tó fi òfin lé e lọ ní 1941 ni. Ìwọ̀-oòrùn sì ni àwòrán náà kọjú sí, Ròmáníà wà lẹ́yìn ẹni tó ń wò ó.

Kò pẹ́ tí ìlú mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya tiwọn bẹ́ẹ̀. Owó kò wọlé fún Steinberg lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì dùn ún pé àwọn ènìyàn kò mọ òun mọ́ ju ẹni tó ya àwòrán kan ṣoṣo lọ. Ní 1984, Columbia Pictures gbé fíìmù Moscow on the Hudson jáde, ìtàn olórin Rọ́ṣíà kan tó sá sí New York. Pátákó ìpolówó fíìmù náà yí àwòrán Steinberg padà sí ìlà-oòrùn: òpópónà New York nísàlẹ̀, Òkun Àtìláńtíìkì, Yúróòpù, Moscow lókè. Steinberg pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi òfin mú nìyí, ẹni tó bá ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì sì nílò rẹ̀. Òfin kò dá èrò inú sí fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ ya ayé bí ará Ìbàdàn ṣe ń wò ó láti Mápó, ẹ yà á, Steinberg kò lè dá yín lẹ́kun. Ohun tó jẹ́ ti ẹni tó yà á ni bó ṣe gbé èrò náà kalẹ̀. Adájọ́ wá gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó rí i pé ibì kan náà ni wọ́n ti wò ó wá, pé bí ìpín àdúgbò mẹ́rin ni àwọn méjèèjì yà fínnífínní kí ó tó di ráúráú lọ́nà ọ̀kánkán, pé ọ̀dà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ ló dúró fún ojú ọ̀run nínú méjèèjì, pé ìlà pupa ló la ìpẹ̀kun ilẹ̀, àti pé lẹ́tà kan náà, tó ṣe ṣóńṣó bíi ti ọmọdé, ni wọ́n fi kọ orúkọ. Àwọn olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀fẹ̀ ni àwọn fi í ṣe, òfin sì gba ẹ̀fẹ̀ láyè. Adájọ́ ní ẹ̀fẹ̀ tí òfin ń wí ni èyí tó ń fi iṣẹ́ náà gan-an ṣe ẹ̀fẹ̀, pátákó yìí kò sì bá àwòrán Steinberg sọ ohunkóhun, ó kàn mú un lò láti ta ọjà ni. Ní 1987 ni ìdájọ́ jáde, Steinberg ló jàre. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ náà títí dòní.

Nílé, ó fẹ́ Hedda Sterne ní 1944, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Bucharest bíi tirẹ̀, tóun náà sá ogun dé New York. Wọ́n pín yà ní 1960, wọn kò sì kọ ara wọn sílẹ̀ nílé ẹjọ́ láéláé.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Steinberg rìn káàkiri ayé, àmọ́ lẹ́yìn ogun, kò padà tẹ Ròmáníà mọ́. Ní 1966 ó ya òpópónà ìgbà èwe rẹ̀ láti inú iyè, ó sì fi orúkọ ibẹ̀, Strada Palas, pe àwòrán náà. New York ló kú sí ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, ó ku oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 85. Láti 1945 títí di ọdún tó kú yẹn ló fi ń kọ lẹ́tà sí Aldo Buzzi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ní Milan, èdè Ítálì ló sì fi ń kọ ọ́. Wọ́n ti kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé, ẹni tó bá gbọ́ èdè náà lè rà á kà.